Rélùwéè Abẹ́ Ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù Kì Í Sọ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe tíì bá àkọlé yìí jà. Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú pátákó tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ìlú Lọ́ńdọ̀nù, mo sì mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì lohùn tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ wọn. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń dán wa wò ní WAEC, tí wọ́n ń torí ẹ̀ nà wá ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kọ́ ló ń gbé àlejò dé ibi tó ń lọ nínú rélùwéè yẹn. Èdè kékeré kan ló ń gbé e débẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú èdè náà kò pọ̀, kò ní òwe, kò ní àkànlò èdè, ẹni tó bá sì ní làákàyè lè kọ́ ọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Bí èdè náà bá sì lè kéré tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, kò sóhun tó ní kó má kéré bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Yorùbá.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni àwọn ìyá wa. Ẹ mọ̀ wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń gba Lọ́ńdọ̀nù lọ láti lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ wọn. Físà àlejò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fún wọn ní oṣù mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì fi oṣù mẹ́fà náà jókòó sínú ilé bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ dá wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó ṣáájú ọdún àṣekágbá wa yìí, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Barking, ní apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣòwò àlùbọ́sà ni Mọ́mì. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń gba Ìbàdàn lọ sí Kánò. Wọ́n mọ awakọ̀, wọ́n mọ alárù, wọ́n gbọ́ Hausa ọjà débi pé wọ́n lè fi bú èèyàn. Ṣùgbọ́n oṣù kẹrin rèé tí wọ́n ti wà ní Barking, wọn ò sì tíì dá kọjá ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkángun àdúgbò. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ ra iṣu ní Brixton, wọ́n á dúró de ọjọ́ tí ọmọ wọn ò bá lọ síbi iṣẹ́. Mo bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, Gẹ̀ẹ́sì mi ò tó èyí tí wọ́n ń sọ nísàlẹ̀ yẹn o. Tí mo bá sọnù ńkọ́?”

Ẹ gbọ́ ọ. Obìnrin tó gbọ́ Yorùbá, tó gbọ́ Hausa, tó gbọ́ pijin, ló ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tí kò gbédè. Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ irú èrò bẹ́ẹ̀, a sì mọ orúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé èrò náà kò tilẹ̀ bá bí rélùwéè ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Gẹ̀ẹ́sì náà fúnra rẹ̀. Ká ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù lónìí, tí kò sì dé Lọ́ńdọ̀nù rí. Ó rí ibùdókọ̀ kan lórí máàpù tí wọ́n kọ ní Southwark. Bó bá pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹni tó ń bi kò ní mọ ibi tó ń wí, nítorí ohun tí àwọn ọmọ ìlú ń pè kò ju “Sọ́dọ́kì” lọ. Holborn ń kọ́, “Hóbọ̀n” ni. Leicester Square, “Lẹ́sítà” ni wọ́n ń pe ìdajì àkọ́kọ́. Gbogbo ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kà kò lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, torí pé àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún fún èèyàn. Àkọtọ́ tiwa, bí a bá fi àmì sí i, ó ń sọ ọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ká tún wo orúkọ. Ibùdókọ̀ méjì ló ń jẹ́ Edgware Road ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan wà lórí ọ̀nà Bakerloo. Ìkejì jẹ́ ti Circle, District àti Hammersmith & City. Wọn kò so pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì gbọ́dọ̀ jáde sójú títì. Méjì náà ló ń jẹ́ Hammersmith. Ibòmíràn tún wà tó ń jẹ́ Edgware lásán, ìyẹn ní ìpẹ̀kun ọ̀nà Northern níhà àríwá, ó sì jìnnà pátápátá sí Edgware Road méjèèjì. Nínú kíláàsì, a máa ń fi ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ṣeré pé Yorùbá le fún àlejò. Ó kéré tán, àmì ohùn ya àwọn wọ̀nyẹn sọ́tọ̀. Edgware Road méjèèjì kò ní àmì kankan tó yà wọ́n.

Máàpù wọn tún ńkọ́? Ọdún 1863 ni rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti Paddington dé Farringdon. Lónìí, ọ̀nà 11 àti ibùdókọ̀ 272 ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí ìwé bó ṣe rí gan-an, inú ìlú á dà bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Ní ọdún 1931, ayàwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Harry Beck ya òmíràn. Ó na gbogbo ọ̀nà tààrà, ó fẹ àárín ìlú, ó sún ẹ̀yìn ìlú mọ́ra, kò sì ka bí ibì kan ṣe jìnnà sí ibòmíràn sí. Ní 1933 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún aráàlú, gbogbo máàpù tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló sì tọ ipa rẹ̀. Máàpù náà ń parọ́ nípa ilẹ̀ kó lè sọ òtítọ́ nípa ọ̀nà. Lórí rẹ̀, Leicester Square àti Covent Garden dà bí ibi tó yẹ kí èèyàn wọkọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Lórí ilẹ̀, nǹkan bíi mítà 260 péré ló wà láàárín wọn. Kí èèyàn tó sọ̀ kalẹ̀, kó dúró de ọkọ̀, kó tún gun òkè padà, ẹni tó fẹsẹ̀ rìn ti débẹ̀.

Ohun tí mò ń fà yọ ni pé àmì ni gbogbo rẹ̀. Saussure kọ́ wa pé àjọṣe àárín àmì àti ohun tó dúró fún kì í ṣe ti àbínibí, àdéhùn ni. Bí ó bá jẹ́ àdéhùn, ẹni tó bá mọ àdéhùn náà ló mọ èdè náà. Kò dìgbà tó bá lè ka Shakespeare.

Kí wá ni àdéhùn ọ̀hún? Mẹ́ta ni mo kà: àwọ̀, ìpẹ̀kun àti òǹkà.

Àwọ̀ ni àkọ́kọ́. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀, wọn kì í sì í yí i padà. Ní kíláàsì sẹ̀máńtíìkì, wọ́n sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta ni Yorùbá ní: dúdú, funfun, pupa. Ẹlòmíràn á gbọ́ ìyẹn, á ní àwọn èèyàn wa kò lè dá àwọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi àti Mọ́mì tẹ́ máàpù náà sórí tábìlì, ẹnu kò kọṣẹ́ fún wọn rárá. Central jẹ́ pupa, Northern jẹ́ dúdú. District jẹ́ ewé. Circle jẹ́ ìyeyè. Jubilee jẹ́ eérú. Méjì tí òyìnbó ń pè ní búlúù, wọ́n yà wọ́n kíá: Piccadilly ni aró, Victoria ni ojú ọ̀run. Ẹni tó bá ti ra àdìrẹ rí kò lè ṣi aró mú fún ojú ọ̀run.

Ìpẹ̀kun ni ìkejì. Lójú pátákó, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé ọkọ̀ ń lọ sí ìhà àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. A ní ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ta ló ń fi wọ́n júwe ọ̀nà nílé wa? Bí mo bá bi ẹ́ pé ibo ni ọjà wà, o kò ní sọ pé kí n kọrí sí gúúsù. Wàá ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ìsàlẹ̀, kí n yà sọ́wọ́ ọ̀tún lẹ́bàá mọ́sáláṣí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Iwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ orúkọ ibi tó parí sí. Ní Páríìsì, orúkọ ìpẹ̀kun ni pátákó pàápàá fi ń júwe ọ̀nà. Kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti ohun tí kọ̀ńdọ́ ń ṣe l'Ékòó. “Òṣòdì, Òṣòdì, Òṣòdì!” Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ kó máa béèrè pé ìhà àríwá ni àbí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó ti gbọ́ kọ̀ńdọ́ ti mọ ìdajì gírámà rélùwéè Páríìsì.

Òǹkà ni ìkẹta. Ẹ ka iye ibùdókọ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì máa fi ìka kà wọ́n bí ẹ bá ti wọkọ̀.

Ọ̀nà tí Mọ́mì fẹ́ gbà lọ ra iṣu kò wá ju báyìí lọ: wọ ewé ní Barking, bọ́ sílẹ̀ ní Victoria, wọ ojú ọ̀run, ka mẹ́rin. Ìkẹrin ni Brixton, ibẹ̀ sì ni ojú ọ̀run parí sí. Kódà bí oorun bá gbé èèyàn lọ, ọkọ̀ kò ní gbé e kọjá. Àbọ̀ ló gba àkíyèsí díẹ̀. Ní Victoria, pèpéle kan náà ni ewé àti ìyeyè ń lò, ọkọ̀ wọn sì jọra bí ìbejì. Àwọ̀ nìkan kò tó níbẹ̀, ìpẹ̀kun ló kù. Ọkọ̀ tó bá kọ Barking tàbí Upminster síwájú ni tiwọn. Èyí tó bá kọ nǹkan mìíràn, kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Ọ̀nà Northern náà gba irú àkíyèsí yìí, torí ó pín sí méjì ní àárín ìlú: apá kan gba Bank, apá kejì gba Charing Cross. Àwọ̀ kan náà, dúdú. Ẹ fi ìpẹ̀kun mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì tẹ́tí sí ibi tí wọ́n ní ó ń gbà.

Ẹ̀ẹ̀kan péré la jọ lọ. Ìgbà kejì, wọ́n lọ ní àwọn nìkan, wọ́n sì ru iṣu dé. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyí?”

Ti owó ọkọ̀ náà kò le. Káàdì Oyster ti wà láti 2003, láti 2014 sì ni èèyàn ti lè fi káàdì báńkì tàbí fóònù tí kò nílò kí a tì í bọ ẹ̀rọ wọlé. Ìlànà kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì: ohun tí o fi kan ẹ̀rọ nígbà tí ò ń wọlé ni kí o fi kàn án nígbà tí ò ń jáde. Bí o bá fi káàdì wọlé tí o sì fi fóònù jáde, kódà bó jẹ́ àkáǹtì kan náà ló wà lẹ́yìn méjèèjì, ẹ̀rọ á kà ọ́ sí èèyàn méjì tí kò parí ìrìn àjò wọn, wọ́n á sì yọ owó tó ga jù lọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọ̀sẹ̀, owó ọkọ̀ wọ́n jù láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀, àti aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́. Ìyá tó bá ń gbé ọmọ ọmọ dání kò ní san nǹkan kan lórí ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 11. Lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn, ọ̀tún ni a ń dúró sí. Òsì jẹ́ ti àwọn tó ń kánjú.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ẹnu rélùwéè náà bí onímọ̀ èdè. Èyí tó lókìkí jù lọ ni “Mind the gap”, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, gbólóhùn àṣẹ, kò sí olùwà níbẹ̀. Ohùn kan ní ibùdókọ̀ Embankment jẹ́ ti òṣèré kan tó ń jẹ́ Oswald Laurence. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, opó rẹ̀ a máa lọ jókòó síbẹ̀ láti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ohùn tuntun rọ́pò rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì dá ohùn náà padà sí Embankment ní 2013. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn tó ni rélùwéè yìí kò ka ọ̀rọ̀ sí nǹkan kékeré. Ní 2017, wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ wọn pé kí wọ́n yé kí èrò ní “ladies and gentlemen”, kí wọ́n máa kí gbogbo èèyàn lápapọ̀. Àwa kò tilẹ̀ ní irú ìṣòro yẹn. “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èrò ọkọ̀ wa.” Ẹ kan ṣoṣo ti kó ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, ó sì ti fi ọ̀wọ̀ lé e.

Báwo la ṣe máa sọ “Mind the gap”? Ẹni tó bá ń túmọ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ á ní “Ẹ kíyè sí àlàfo.” Kò burú, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tó ń pariwo àlàfo nígbà tí ọmọ bá fẹ́ kọsẹ̀. Ohun tó ń sọ ni “Wolẹ̀ o!” Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀, ó kúrú, ó sì ń mú kí ẹsẹ̀ èèyàn dúró lójijì. “Ẹ wolẹ̀ o” ni kí ọkọ̀ máa sọ. “Way out” ńkọ́? Lọ́ńdọ̀nù yan ọ̀rọ̀ tó rọrùn yìí, ó fi “Exit” sílẹ̀. Àwa náà kò nílò “ọ̀nà àbájáde”, tó ti di ohun tí àwọn olóṣèlú fi ń yanjú ọ̀rọ̀ ajé. “Ọ̀nà ìta” tó. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé ìpẹ̀kun, “Ibí lọkọ̀ parí sí o, kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀.” Bí ẹ bá kó gbogbo ohun tí rélùwéè nílò láti sọ jọ, mi ò rò pé ó ju ogójì gbólóhùn lọ. Ìwé kan ni, ojú méjì.

Mo ti gbọ́ àtakò mẹ́ta lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Àkọ́kọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń ka Yorùbá tó ní àmì, nítorí náà, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ lásán. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ kọ “E wole” sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ọ̀kan á kà á ní “Ẹ wọlé”, á sì wọlé. Ìkejì á kà á ní “Ẹ wolẹ̀”, á sì dúró wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìkẹta á kà á ní “Ẹ wólé”, á sì máa wá ilé tí wọ́n ní kí òun wó. Ní etí pèpéle, ibi tí ọkọ̀ ti ń já wọlé, ìyàtọ̀ wọlé àti wolẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àmì náà wà fún ẹ̀mí èèyàn gẹ́gẹ́ bí kíkùn ìyeyè tó wà ní etí pèpéle ṣe wà fún un.

Ìkejì ni pé rélùwéè jẹ́ ti gbogbo èèyàn, pé bí wọ́n bá fi Yorùbá kún un, ẹlòmíràn á bínú. Whitechapel wà lójú ọ̀nà láti Barking, lórí ewé kan náà tí Mọ́mì ń wọ̀. Láti 2022, wọ́n ti kọ orúkọ ibùdókọ̀ náà ní èdè Bengali sí ẹ̀gbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àwọn ọmọ Bangladesh tó ń gbé àdúgbò yẹn. Kò sí ẹni tí ọkọ̀ tìtorí rẹ̀ gbé sọnù. Ní Singapore, èdè mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ ìkìlọ̀ sínú ọkọ̀. Èdè tí a bá fi kún un kò yọ èyí tó wà níbẹ̀ kúrò.

Ìkẹta ló lágbára jù: ọ̀pọ̀ ìyá wa kò lè ka Yorùbá náà. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n ṣí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní ìlú Mexico ní 1969, wọ́n ní irú ìṣòro yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ kò mọ̀wé. Lance Wyman ló ya àmì fún wọn, àwòrán kan fún ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tata ni ti Chapultepec, torí pé òkè tata ni orúkọ náà túmọ̀ sí ní Nahuatl, èdè àwọn onílẹ̀ kí àwọn ará Sípéènì tó dé. Orúkọ ìbílẹ̀ ló bí àwòrán náà, àwòrán náà sì ń ran ẹni tí kò mọ̀wé àti àlejò tí kò gbọ́ èdè kankan níbẹ̀ lọ́wọ́. Fún ẹni tí kò lè kàwé, ohùn Yorùbá àti àwòrán ni ìdáhùn. Gẹ̀ẹ́sì tó túbọ̀ pọ̀ kọ́.

Ibi tí gbogbo èyí ń lọ nìyí. Èkó ti ní ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀ báyìí. Lóòótọ́, òkè ilẹ̀ ló ń gbà. Oṣù kẹsàn-án 2023 ni Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2. Oṣù kẹwàá 2024 ni Red Line tẹ̀ lé e, èyí tó ń gba Òyìngbò, Yábàá, Muṣin, Òṣòdì, Ìkẹjà àti Agége kọjá. Ọ̀nà méjì péré ni. Àlejò tó ń ti Ṣakí tàbí Ìkirè bọ̀ l'Ékòó fún ìgbà àkọ́kọ́ wà ní ipò tí Mọ́mì wà ní Barking gẹ́lẹ́. Nísinsìnyí tí ọ̀nà kò tíì pọ̀ ni ó yẹ ká fún un ní èdè tó yè kooro, kó tó di ọ̀nà mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ á ti le mọ́ wọn lára.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ. Lọ́ńdọ̀nù sọ káàdì rẹ̀ ní Oyster, ẹran inú ìkarahun. Èkó sọ tiwa ní Cowry. Owó ẹyọ ni Cowry! A ní ọ̀rọ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi náwó, a gbé e fún káàdì, a wá fi Gẹ̀ẹ́sì pè é. Àwọ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ̀nà méjèèjì lórúkọ. Kí ló dé tí a kò fi pè wọ́n ní Ọ̀nà Aró àti Ọ̀nà Osùn? Kò sí àgbàlagbà tí a nílò láti ṣàlàyé aró fún, kò sì sí ìyá ọlọ́mọ tí kò mọ bí osùn ṣe pọ́n tó. Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tí orúkọ lè ṣe. Títí di 2024, àwọ̀ ọsàn kan ṣoṣo ni wọ́n fi kun gbogbo ọ̀nà Overground wọn lórí máàpù, ó sì ń da èrò láàmú. Lọ́dún náà, wọ́n pín in sí mẹ́fà, wọ́n fún ìkọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ àti orúkọ tirẹ̀. Èyí tó gba Peckham Rye, ní àdúgbò tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ń jẹ́ Windrush, nítorí àwọn ará Káríbíánì tó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Bí wọ́n bá lè fi ìtàn àlejò sọ ojú irin lórúkọ, a lè fi aró àti osùn ti ilé wa sọ tiwa.

Iṣẹ́ ta ni? Iṣẹ́ tiwa ni. Lọ́dọọdún ni a ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí ìhun àpólà orúkọ, tí a ń tò wọ́n sórí pẹpẹ, tí eruku ń jẹ wọ́n. Mi ò sọ pé kí a má kọ wọ́n mọ́. Mo ní kí ẹnì kan nínú wa mú ogójì gbólóhùn tí ọkọ̀ ojú irin nílò, kó gbé wọn lọ sí Òyìngbò, kó kà wọ́n létí àwọn ìyá alátà àti àwọn alárù, kó sì kọ èyí tí wọ́n yára gbọ́ sílẹ̀ àti èyí tí wọ́n ní kó tún sọ. Kí ẹlòmíràn nínú wa tó mọ fónọ́lọ́jì wo bí ohùn ṣe ń já gaara nínú ariwo ẹ̀rọ. Kí ẹni tó mọ àwòrán yà ya agbọ̀n ata fún Òyìngbò. Kí a so wọ́n pọ̀, kí a fi ránṣẹ́ sí ìjọba Èkó, kí a sì gbé e sórí ìwé ìròyìn wa yìí kí gbogbo ayé rí i.

Wọ́n lè má dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi darí ọkọ̀ ojú irin, ìwé náà á ti wà nílẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, “Ẹ wolẹ̀ o” ló sì ṣáájú wọn. Ó ku mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá ní ọ̀kan lọ́wọ́, kó mú un wá.